Òwìwí Tí Mi Ò So Káàdì Mọ́ Lẹ́sẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ kiri, tí ẹ ń sọ pé iṣẹ́ gidi ti tán ní Èkó, ẹ jókòó kí n sọ èyí tí èmi ṣe fún yín. Òkú ẹyẹ ni mo ń bọ́ láwọ. Bẹ́ẹ̀ ni, òkú ẹyẹ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko. Mo ń yọ ẹran inú wọn, mo ń fi òwú rọ́pò rẹ̀, mo ń rán an padà, ẹ ó sì rò pé ẹyẹ náà kàn sùn ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wá wò ó, á ṣì wà níbẹ̀ títí tí ọmọ wọn náà á fi wá wò ó. Ẹ lọ káàkiri Ọ̀jọ́, láti Òkòkómáíkò títí dé Navy Town, kò sí obìnrin mìíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe tó mi. Mi ò fọ́nnu o. Ẹni tó bá rò pé mo ń fọ́nnu, kó mú ẹ̀gà kan àti abẹ wá, ká jọ bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ mi ni Sìdíkátù. Ní Ìbà níbi tí mò ń gbé, Àlájà Ẹlẹ́yẹ ni wọ́n ń pè mí, àwọn kan sì wà tí wọ́n máa ń yà sí òdìkejì títì tí wọ́n bá rí mi. Ìyẹn kò kàn mí. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rù, kó máa bẹ̀rù.

Bí mo ṣe débi iṣẹ́ yẹn kò gùn láti sọ. Alábà Ràgó ni mo ti ń pa adìẹ àti tòlótòló fún àwọn oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ní kí n bọ́ awọ tòlótòló òun lódindi, kó má ya. Mo bọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n bá bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ. Ọkùnrin kan dúró tì wá, ó wọ kakí tí wọ́n lọ̀ gan-an, ó kàn ń wo ọwọ́ mi.

"Ta ló kọ́ ẹ?" ló bi mí.

"Ebi ni, sà," mo dá a lóhùn.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá bá òun níbi iṣẹ́ òun lọ́jọ́ Ajé. Bí mo ṣe dẹni tó ń gbowó oṣù nìyẹn. Owó náà kò tó nǹkan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì tó nǹkan nígbà tí mo fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọkùnrin oníkakí yẹn ni Ọ̀gá Ṣódípẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, ẹni tó sọ mí di èèyàn. Òun ló ń bójú tó Yàrá Ẹyẹ ní ilé ìwádìí kan lágbègbè wa tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ fojú inú wo yàrá kan tó kún fún kọ́bọ́ọ̀dù láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ní dúrọ́ọ̀, ẹyẹ sì tò sínú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n na àyà sókè. Òórùn oògùn ibẹ̀ máa ń bá mi délé. Ọkọ mi, Ràsákì, máa ń sọ pé kí n sùn sí pálọ̀, mo sì máa ń dá a lóhùn pé kí òun lọ sùn síbẹ̀.

Mo rò pé ọjọ́ kìíní ni Ọ̀gá máa gbé abẹ fún mi. Háà! Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo lò níbẹ̀ tí mi ò fọwọ́ kan abẹ. Káàdì ni mò ń gé, okùn ni mò ń so. Ọ̀gá kì í lo okùn ọjà. Fúnra rẹ̀ ló ń lọ́ òwú mọ́ra, tó ń fi àbẹ́là ra á kó lè le. Ó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa gbogbo kókó tí mo bá so. Tí ọ̀kan péré bá yọ̀, á fi sísọ́ọ̀sì gé ogún tó kù dànù, á sì ní, "Bẹ̀rẹ̀." Kò ní pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, kí abẹ tó kan ẹyẹ, káàdì gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ibi tó ti wá, ọjọ́ tó dé, ẹni tó mú un wá, àwọ̀ ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ ẹni tó ṣe é. Àwọ̀ ojú ló máa ń tẹnu mọ́ jù, nítorí pé ẹyẹ kì í pẹ́ kú kí ojú rẹ̀ tó ṣú, òwú la ó sì fi dí i, kò sí ẹni tó máa tún mọ̀ ọ́n mọ́ láyé. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a fi ń kọ orúkọ tiwa sí i, ṣé àwa ni ẹyẹ ni?

"Tó bá bàjẹ́, ká lè mọ ẹni tá a máa bi," ló wí. "Tó bá dára, ká lè mọ ẹni tá a máa kí. Ẹyẹ tí kò bá ní káàdì, adìẹ ni. Kódà adìẹ sàn jù ú lọ, adìẹ ṣeé jẹ."

Mo mú báírò wá lọ́jọ́ kan torí ó ń wù mí kí ìwé mi dúdú dáadáa. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fún mi ní pẹ́ńsù. Ó ní tí omi bá kan báírò, ó parí. Mo bú u nínú mi títí tí mo fi délé lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọdún keje mi, ọwọ́ mi ti mọ́ iṣẹ́ náà. Mo lè ṣe ológoṣẹ́ kí omi tó hó lórí sítóòfù. Oyún sì wà nínú mi, oṣù karùn-ún. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa o, ọdún mẹ́jọ ni mo ti wà nílé ọkọ láìbímọ, oyún àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa ní Òkòkómáíkò, ó ń ṣọ́ mi lójú méjèèjì. Kò sí ohun tó sọ sí iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ tí oyún ti hàn ló ti ń sọ fún mi láràárọ̀ pé, "Ìyàwó mi, ẹyẹ tó bá wù ọ́ ni kí o fọwọ́ kàn. Òwìwí, rárá o. Aboyún kì í wo òwìwí lójú."

Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Òwìwí kẹ̀? Ta ló ń mú òwìwí wá? Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án lágbègbè wa. Ẹyẹ àwọn àgbà ni wọ́n kà á sí, tí ó bá ké lórí òrùlé, gbogbo ilé á máa gbàdúrà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan tí ibà dá Ọ̀gá dùbúlẹ̀, ọkùnrin Ẹ̀gùn kan tó ń jẹ́ Sẹ̀wànù wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Òun ló máa ń ra odídẹrẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ láti erékùṣù kékeré kan lójú òkun lọ́hùn-ún, Pìríńsípè ni wọ́n ń pè é. Èyí tó bá kú lọ́nà, àwa ló máa ń tà á fún. Ó gbé odídẹrẹ́ mẹ́ta kalẹ̀, mo sanwó. Ó wá mú ohun kékeré kan tí wọ́n fi ewé wé nísàlẹ̀ agbọ̀n.

"Ìyàwó, ènì rẹ nìyí," ló wí. "Wọ́n jọ ti erékùṣù yẹn wá ni. Àárọ̀ yìí ló kú."

Mo tú ewé náà. Ẹyẹ ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ó pupa rúsúrúsú, ìyẹ́ kékeré méjì dúró sí i lórí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí. Ìyeyè ni ojú náà, ó mọ́ kedere.

"Ẹ gbà mí o! Òwìwí!" Mo jù ú sílẹ̀. Sẹ̀wànù rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n jù ú sí ààtàn. Àmọ́ ẹ wò ó, ọwọ́ mi kò jẹ́. Mi ò rí irú òwìwí bẹ́ẹ̀ rí nínú gbogbo dúrọ́ọ̀ wa, mi ò lè máa wo irú awọ tó dára bẹ́ẹ̀ kó wá jẹrà. Mo ki bísímílà, mo gbé e sórí tábìlì. Mo so káàdì mọ́ àwọn odídẹrẹ́ lẹ́sẹ̀ bó ṣe tọ́, mo kọ Pìríńsípè, mo kọ Sẹ̀wànù, mo kọ ọjọ́. Ó wá kan òwìwí. Mo gbé pẹ́ńsù. Pẹ́ńsù kò lọ.

Ẹ fi ara yín sípò mi ná. Kí n kọ Sìdíkátù sínú káàdì, kí n fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ òwìwí, kí n di kókó méjì lé e, pẹ̀lú ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́jọ tọrọ nínú mi? Ní ilẹ̀ wa níbí, ta ni kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí wọ́n so orúkọ èèyàn mọ́ nǹkan? Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo bọ́ awọ rẹ̀, mo fi òwú kún inú rẹ̀, mo rán an, iṣẹ́ tó mọ́ jù lọ tí mo tíì ṣe ni. Mo tẹ́ ẹ sí dúrọ́ọ̀ òkè pátápátá láìso nǹkan kan mọ́ ọn.

Nígbà tí ara Ọ̀gá yá, ó rí i. Ó gbé e síwájú fèrèsé, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Sìdí, káàdì rẹ̀ dà?"

Irọ́ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó. "Ó ní láti jẹ́ pé ó já bọ́ ni, sà."

"Ibo ló ti wá?"

Tí mo bá sọ ọ́, á ní kí n kọ káàdì mìíràn. Mo ní, "Mi ò rántí, sà."

Ó wò mí. Ó wá wo okùn òwú rẹ̀ tó wà lórí tábìlì.

Mo bí ọmọ mi ní wọ́ọ́rọ́wọ́, Àlùhàmídúlíláì. Mọ́ríyámọ̀ nìyẹn, òun náà ti di ìyá ọmọ báyìí. Mo gbà nígbà náà pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Àmọ́ Ọ̀gá kò gbàgbé òwìwí yẹn. Ó wo gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ wa, kò rí i níbẹ̀. Ó kọ lẹ́tà. Nígbà tó yá, àgbà onímọ̀ kan wá láti ọ̀nà jíjìn, gbogbo àwọn tó wà lókè wa sì tẹ̀ lé e wọlé. Ọ̀gá gbé ẹyẹ náà kalẹ̀, ó ní, "Sà, èyí kì í ṣe ti ìlú wa. Mi ò tíì rí i nínú ìwé kankan. Ó dá mi lójú pé tuntun ni."

Onímọ̀ náà gbé ẹsẹ̀ ẹyẹ sókè. "Káàdì rẹ̀ ńkọ́?"

Mo dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ń gbọ́. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀.

"Okùn mi ló já, sà," ni Ọ̀gá wí. "Èmi ni mo lọ́ ọ. Ẹ̀bi mi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá kò lè jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá Alábà Ràgó ló ti rà á. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Okùn Já ni àwọn mẹ́sínjà ń pe ọ̀gá mi lẹ́yìn rẹ̀. Kò tún lọ́ òwú mọ́, ó lọ ra okùn ọ̀rá lọ́jà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ó fẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó kó ìdì okùn òwú tó kù lé mi lọ́wọ́. "Má lò ó o," ló wí. "Fi pa mọ́, kó o lè máa rántí pé okùn máa ń já." Inú bàgì mi ni mo gbé e sí, mo sì sunkún láti ibi iṣẹ́ títí dé ibùdókọ̀. Síbẹ̀ mi ò sọ̀rọ̀.

Èmi ni mo wá di ọ̀gá Yàrá Ẹyẹ, mo sì le ju Ọ̀gá lọ. Ẹ bi àwọn tí mo kọ́. Ọdún kan wà tí òjò rọ̀ tí gọ́tà kún, omi wọlé bá wa dé orúnkún. Àwa la gbé dúrọ́ọ̀ lé orí, tí a sá ẹyẹ sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo káàdì tí àwọn ẹ̀ka mìíràn fi báírò kọ ti di omi búlúù. Tiwa tí a fi pẹ́ńsù kọ, kò sí lẹ́tà kan tó parẹ́. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ní èmi ni mo gba iṣẹ́ náà là. Mo ní kì í ṣe èmi, pẹ́ńsù Ọ̀gá Ṣódípẹ̀ ni. Nígbà tí mo gun àga láti wo dúrọ́ọ̀ òkè, òwìwí wà níbẹ̀, ó gbẹ táútáú. Omi wà nísàlẹ̀ tí mo lè jù ú sí, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti parí. Mo ti dúrọ́ọ̀ náà padà.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Oògùn funfun tí a ń fi pa awọ mọ́ nígbà náà, májèlé gidi ni, wọ́n gbé e kúrò. Fírísà dé. Lẹ́yìn náà àwọn ọ̀dọ́ dé pẹ̀lú àwọ̀n tó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á mú ẹyẹ láàyè, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ bíńtín, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á tú u sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ pàápàá, fóònù ni wọ́n fi ń gbà á. Mo kọ́kọ́ bínú. Irú iṣẹ́ wo ni ká mú ẹyẹ ká tún ní kó máa lọ ilé ẹ̀? Dókítà Bùsọ́lá, ọmọbìnrin tó gba ipò mi nígbà tí mo lọ, ló fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Lónìí mo gbà pé tiwọn dára. Ẹyẹ tó bá ṣọ̀wọ́n yẹ kó wà láàyè.

Bùsọ́lá yìí náà ló wá kí mi nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó na fóònù sí mi. "Màmá, ẹ wo ẹyẹ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lórúkọ. Erékùṣù kékeré kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ayé. Àwọn ará ibẹ̀ tó ń gun igi mú odídẹrẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tipẹ́, àwọn onímọ̀ ni kò tètè rí i."

Mo wo fọ́tò náà. Ó pupa rúsúrúsú, ìyẹ́ kékeré méjì lórí, ojú ìyeyè. Ó tún jẹ́ kí n gbọ́ igbe rẹ̀, ohùn kúkúrú kan, léraléra, kò sinmi.

"Pìríńsípè," mo ní.

"Háà, Màmá, ẹ ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀?"

"Mo ti bọ́ ọ láwọ. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín, ti òkè pátápátá."

Kò gbà mí gbọ́ títí a fi débẹ̀ tó fà á síta. Ọmọ náà ń fò sókè. Ó fa káàdì odídẹrẹ́ mẹ́ta yẹn yọ, ìkọ̀wé mi ló wà lára wọn, pẹ́ńsù náà ṣì hàn. "Màmá, ẹ kọ irú èyí, ọjọ́ yìí kan náà, ká so ó mọ́ ọn. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀," mo ní. "Ọkùnrin kan sì wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Gbé e, ká lọ."

Ilé Ọ̀gá wà ní Ìbà Housing Estate, kò jìnnà sí tèmi. Gbogbo ọdún ni mo ń gbé ẹran Iléyá lọ fún un. Gbogbo ọdún ni mo ń fi ọ̀rọ̀ yìí sẹ́nu lọ, tí mo ń gbé e mì bọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ ohùn yẹn kò yí padà. Bí Bùsọ́lá ṣe gbé ẹyẹ náà lé e lọ́wọ́, tó sì sọ ohun tí wọ́n rí, bàbá náà fi ìka wá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo sọ ọ́," ló wí. "Mo sọ fún wọn pé tuntun ni. Okùn mi ló dójú tì mí."

Mo kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, okùn yín kò já."

"Kí lo wí?"

"Káàdì kò já bọ́, sà. Mi ò so ó rárá. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mo mọ ibi tó ti wá. Oyún Mọ́ríyámọ̀ wà nínú mi, ẹ̀rù òwìwí bà mí, mi ò lè so orúkọ mi mọ́ ọn. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ dárí jì mí, sà."

Ó tún fi ìka wá ẹsẹ̀ ẹyẹ náà. Mo ti ń rò pé á ní kí n jáde.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí," ló wí, "òwú mi ni mò ń bú."

Ẹkún gbé mi. Omi ń dà lójú mi bí ọmọdé.

"Sún sẹ́yìn," ni Ọ̀gá wí. "Omi kò gbọdọ̀ kan awọ ẹyẹ. Kí ni àwọ̀ ojú rẹ̀?"

"Ìyeyè, sà."

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Mo wò ó lójú, sà. Òun gan-an ló bà mí lẹ́rù."

"Kọ ọ́."

Bùsọ́lá fún mi ní káàdì. Mo mú pẹ́ńsù nínú bàgì mi, mi ò rìn láìsí i rí. "Ọjọ́ wo ni kí n kọ, sà?"

"Ọjọ́ òní. Kọ ọ́ pé òní lo kọ ọ́. Kọ odídẹrẹ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ wá, kí ẹni tó bá fẹ́ wádìí lè wádìí. Kọ ìdí tí kò fi ní káàdì látijọ́. Lẹ́yìn náà, orúkọ ẹni tó ṣe é."

Mo kọ gbogbo rẹ̀, iwájú káàdì àti ẹ̀yìn. Mo kọ Sìdíkátù, gàdàgbà. Mo wá tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ bàgì, mo yọ ìdì òwú tó gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìntì. Ó fọwọ́ pa á, ó mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ òwìwí náà mú fún mi, mo yí okùn lẹ́ẹ̀mejì, mo di kókó méjì, mo gé etí okùn náà.

Ọ̀gá fi ìka méjì di káàdì náà mú. Ó fà á. Ó tún fà á, bó ṣe máa ń fa tèmi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀.

"Kò já," ló wí.

"Kò já rí, sà," mo ní.